Aṣọ Tí Ó Yẹ Ọmọ Ní Alẹ́ Ọ̀ṣọ́ Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tí í ṣe ọmọ bíbí Ìbàdàn, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó bẹ̀ wá pé kí á má dárúkọ òun, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ó kọ sínú ìwé náà kò ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á dé ìdajì, a rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìrìn-àjò kò sì jìnnà mọ́. Nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni irú rẹ̀ lè bá láàrin àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní òkè òkun, a rò pé ó yẹ kí á dáhùn rẹ̀ níhìn-ín, ní gbangba, kí àwọn ìyókù lè gbọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ìyá ọkọ arábìnrin wa yìí yóò pé ẹni 70 ọdún. Àwọn ọmọ màmá dá owó jọ, wọ́n sì san owó ọkọ̀ fún un, fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ wọn, kí gbogbo wọn lè wọ ọkọ̀ òkun ní Southampton, kí wọ́n lọ wo ilẹ̀ Norway, kí wọ́n sì padà lẹ́yìn alẹ́ méje. Ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Cunard ní. Nínú alẹ́ méje yìí, méjì jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Gala, tí àwa yóò máa pè ní alẹ́ ọ̀ṣọ́ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ní alẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tí yóò bá jẹun nínú gbọ̀ngàn ńlá ní láti múra lọ́nà tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ọ̀kan nínú alẹ́ ọ̀ṣọ́ méjèèjì sì bọ́ sí ọjọ́ ìbí màmá gan-an.

Bàbá àwọn ọmọ wí pé kóòtù dúdú ti àwọn òyìnbó, èyí tí a ń wọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì kékeré tí ó dàbí labalábá lọ́rùn, ni ọmọkùnrin òun yóò wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wò wọ́n bí ará oko. Ó sì ti rí kaba olówó ńlá méjì fún àwọn ọmọbìnrin ní ìsọ̀ kan. Màmá, ní tirẹ̀, ti ránṣẹ́ sí àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn, ó ti ra àlàárì tí yóò kárí gbogbo ìdílé, ó sì ti pàṣẹ pé agbádá ni kí wọ́n dá fún ọmọkùnrin, àti pé àwọn ọmọbìnrin yóò ró ìró, wọn yóò sì wé gèlè. Ọmọkùnrin náà, ẹni ọdún 15, wí pé òun kò ní wọ ti bàbá, òun kò sì ní wọ ti màmá, àti pé bí wọ́n bá fi dandan lé e, òun yóò jókòó sínú yàrá ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé búrẹ́dì wá bá òun. Ọmọbìnrin ọdún 11 ń fẹ́ bàtà gogoro. Ti ọmọ ọdún 6 nìkan ni kò ní wàhálà púpọ̀: ó ní kí wọ́n ṣáà má fi aṣọ tí ń yún ni wọ òun.

Arábìnrin wa béèrè pé ta ni ó jàre nínú gbogbo wọn. Ìdáhùn wa ni pé ọmọ ọdún 6 ni.

A kò fi ẹ̀fẹ̀ sọ èyí. Oúnjẹ alẹ́ nínú gbọ̀ngàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ àbùjẹ-kíákíá. A ó gbé ọbẹ̀ wá, a ó kó àwo lọ, a ó gbé ẹja tàbí ẹran wá, a ó tún kó àwo lọ, lẹ́yìn náà ni a ó tó gbé ohun dídùn wá. Ọmọ tí aṣọ ń yún, tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀, tí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì fún mọ́ lọ́fun, kò lè fara da ìjókòó bẹ́ẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó tì í gbádùn oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, a kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń sunkún nínú aṣọ olówó iyebíye, ìrísí wo ni ó tún kù fún un tí àwọn ará tábìlì kejì yóò fi yìn ín?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wádìí ibi tí kóòtù dúdú yìí gan-an ti wá, nítorí ó dà bí ẹni pé bàbá àwọn ọmọ ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Lọ́dún 1846, Ayaba Victoria àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn tí à ń pè ní Victoria and Albert, wọ́n sì mú àkọ́bí wọn ọkùnrin dání, Albert Edward, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Aṣọ tí wọ́n rán fún ọmọ náà kì í ṣe aṣọ ọba rárá. Aṣọ atukọ̀ lásán ni: ṣòkòtò funfun tí ó gbòòrò lẹ́sẹ̀, àti ẹ̀wù tí kọ́là rẹ̀ tẹ́ gbalaja lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn tí ń fa okùn ọkọ̀ ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Winterhalter ayàwòrán ya ọmọ náà nínú aṣọ yìí lọ́dún kan náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn, tí àwọn ọlọ́mọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí rán irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn, tí wọn kò sì dẹ́kun fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Aṣọ tí ọmọdé lè sáré nínú rẹ̀ ni, aṣọ tí ó lè fi jókòó sílẹ̀ kí ó sì dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ ọn.

Ọmọ yìí kan náà dàgbà. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn iṣẹ́ aránṣọ wí pé lọ́dún 1865 ni ó ní kí ilé aránṣọ Henry Poole, ní òpópó Savile Row ní Lọ́ńdọ̀nù, rán kóòtù kúkúrú kan fún òun tí òun yóò máa wọ̀ jẹun alẹ́ ní ilé òun ní Sandringham, dípò kóòtù onírù gígùn tí gbogbo ọlọ́lá ń wọ̀ nígbà náà. Kóòtù kúkúrú náà rékọjá òkun, ó dé Tuxedo Park ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1886, ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà sì ti mú orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí di òní. Ọkùnrin náà gan-an ni Ọba Edward Keje, tí ó wà lórí oyè láti 1901 títí di 1910, tí àwọn baba ńlá wa ní Èkó sì mọ orúkọ rẹ̀ dáradára. Ẹ ò rí i pé nítorí ìrọ̀rùn ni a ṣe dá aṣọ méjèèjì sílẹ̀, ti ọmọdé àti ti àgbà. Kóòtù dúdú tí bàbá fẹ́ fi ọ̀ràn-an-yàn wọ̀ fún ọmọ rẹ̀ lónìí, aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ nítorí pé èyí tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ti sú u ni.

Nísinsìnyí, kí ni ọkọ̀ béèrè? Ilé-iṣẹ́ Cunard kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ní alẹ́ Gala, ọkùnrin lè wọ kóòtù dúdú tí a ti ń sọ yìí, tàbí kóòtù àti ṣòkòtò aláwọ̀ dúdú lásán pẹ̀lú táì. Obìnrin lè wọ kaba ìròde tàbí aṣọ mìíràn tí ó bójú mu. A sì gba aṣọ ológun àti aṣọ ìbílẹ̀ tí ó lọ́lá. A bẹ àwọn òǹkàwé wa kí wọ́n fojú sí gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Aṣọ òkè màmá kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ohun tí wọn kò fẹ́ nínú gbọ̀ngàn ni níkà, jíìnsì tí ó ya, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, sálúbàtà, àti fìlà olójú-gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń dé sẹ́yìn orí. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ múra rárá, a kò ní lé e sínú òkun. Àyè wà fún un láti jẹun ní ibi tí olúkúlùkù ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, àti ní ibòmíràn bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó rí báyìí. Carnival ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní alẹ́ ọ̀ṣọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju ti Cunard lọ. Norwegian ti sọ láti ọdún 2000 pé kí olúkúlùkù wọ ohun tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì fi dandan lé alẹ́ ọ̀ṣọ́ mọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ Disney, àwọn ọmọdé a máa múra bí ajalèlókun ní alẹ́ kan, inú wọn a sì dùn sí i ju kóòtù èyíkéyìí lọ. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tí ó ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí, kí ó kọ́kọ́ ka ìlànà ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó rẹ̀, kí ó tó wọ ìsọ̀ aláṣọ. A gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ni ó ń ra aṣọ kí ó tó kàwé.

Ẹ̀rù tí ó ń ba bàbá, pé kí àwọn òyìnbó má baà fojú tín-ín-rín wọn bí wọ́n bá wọ aṣọ ilẹ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀rù tuntun. Àwọn tí ó kàwé ṣáájú ní Èkó ní ìgbà Ayaba Victoria mọ̀ ọ́n. Wọ́n wọ kóòtù onírù nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́ lọ sí ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1894 ni Mojola Agbebi, oníwàásù, bọ́ orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀, ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì wọ̀ kiri ìlú òyìnbó àti Amẹ́ríkà nígbà tí ó lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Funmilayo Ransome-Kuti, tí ó bá àwọn aṣojú wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1947, wọ ìró àti bùbá láàrin àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Bí ẹni tí ó lọ fi ọ̀rọ̀ ìlú lọ ìjọba bá lè wọ̀ ọ́, ẹni tí ó lọ jẹ ẹja lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Àwọn àgbà tí ó bá ọkọ̀ Aureol ti Elder Dempster rìn láàrin Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1951 títí di 1974, ṣì lè sọ fún wa bí àwọn tí ó wà ní ipò kìíní ti ń múra fún oúnjẹ alẹ́. Alẹ́ ọ̀ṣọ́ lórí òkun kì í ṣe ohun àjèjì sí ìran wa.

Ṣùgbọ́n kí màmá má rò pé nítorí tí a gbè é, a ti fọwọ́ sí gbogbo àṣẹ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ dára. Bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n dá a ni kò dára fún ọmọdé. Agbádá nínú ọkọ̀ tí ń mì, láàrin àwọn tí ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná kọjá, nǹkan ìnira ni fún àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n ká sí èjìká. Ká tó wá sọ ti ọmọ tí kò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí. Gèlè aṣọ òkè wúwo, ó sì le. Ọmọ ọdún 6 yóò ti tú u kí ọbẹ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ ìyúnra tí ọmọ kékeré sọ kì í ṣe ìbàjẹ́ ọmọ pẹ̀lú. Àlàárì ìgbà àtijọ́, òwú ṣẹ́dà pupa ni a fi ń hun ún, ó sì máa ń tu ara. Èyí tí wọ́n ń hun lóde òní, òwú dídán ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, òwú dídán yìí ni ó sì ń ha ni lọ́rùn. Kí wọ́n wí fún télọ̀ kí ó fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, pàápàá ní ọrùn àti ní abíyá. Bí a bá ṣe èyí, bùbá àti ìró kékeré tí a ti rán pọ̀ ní ìbàdí, tí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, tó fún un. Kí á fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú aṣọ kan náà di irun rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lè lo irú rẹ̀, bí ó bá sì wù ú kí ó wé gèlè ní tirẹ̀, kí màmá fúnra rẹ̀ wé e fún un. A rò pé èyí yóò dùn mọ́ àwọn méjèèjì. Bàtà gogoro ni a kò fọwọ́ sí. Òkun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Norway kì í dákẹ́ nígbà gbogbo, àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ pọ̀, ọmọ ọdún 11 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ níbẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ Norway bí kò ṣe láti ojú fèrèsé. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, tí ó sì ti wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ́ ọn, ni kí wọ́n rà fún un. Ọ̀rọ̀ àtíkè àti ìkunra ètè, àwa ọkùnrin kò ní dá sí i.

Nípa alẹ́ ọ̀ṣọ́ kejì, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí màmá, kaba tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde tó, kò sì sí ìdí tí bàbá fi gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tí ó ń ra kóòtù dúdú fún ọmọ ọdún 15 kò ronú sí òwe yìí dé òpin. Ọmọ náà kò ní ní àkísà kóòtù náà láéláé, nítorí pé ara rẹ̀ yóò ti kọjá rẹ̀ kí ó tó gbó. Ní oṣù mẹ́fà sí i, apá yóò ti kúrú, a ó sì fi kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí tí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọkùnrin yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá dà bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ní ṣòkòtò dúdú, ó ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní bàtà aláwọ dúdú, ó sì ní kóòtù ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá mú kóòtù tí ó ní àmì ilé ẹ̀kọ́ kúrò, tí a sì yá kóòtù dúdú lásán fún un lọ́wọ́ ìbátan tí ara wọn dọ́gba, táì bàbá rẹ̀ yóò parí ìyókù. Owó tí ó kù, kí wọ́n fi pamọ́ fún ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé màmá lọ wo omi láàrin àwọn òkè Norway, nítorí a gbọ́ pé àwọn ohun báwọ̀nyí kò sí nínú owó ọkọ̀ tí a ti san.

A wá dé orí ọmọkùnrin náà, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó wúwo jù nínú ìwé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, ni ó ti sọ pé nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún 12, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ìlú àwọn òbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Agbádá ni wọ́n wọ̀ fún un, èyí tí wọ́n ti rán tóbi kí ó lè lò ó fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ náà tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà ìwé fi parí. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ aṣọ òkè mọ́. Bàbá rẹ̀ pe èyí ní orí kunkun. Màmá rẹ̀ àgbà pè é ní ìwà ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó. Àwa kò pè é ní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Àwa mọ ohun tí ó jọ ọ́. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún 10, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan, wọ́n pè wá jáde lọ́jọ́ ìfúnni-lẹ́bùn láti gba ìwé. Bàbá wa ti lọ yá kóòtù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún wa, kí ilé wa má baà tẹ́. Apá kóòtù náà gùn kọjá ìka ọwọ́ wa, èjìká rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa. Alága na ìwé sí wa, ọwọ́ wa kò jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, bàbá wa sì wà lára àwọn tí kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìwé tí a gbà lọ́jọ́ náà ti kúrò lórí wa. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò.

Nítorí náà a bẹ bàbá ọmọ yìí kí ó má fi àṣẹ yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún 15 tí a bá fi agbára wọ̀ láṣọ, yóò wọ̀ ọ́ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n yóò jókòó ní tábìlì pẹ̀lú ojú tí yóò ba ọjọ́ ìbí jẹ́ fún màmá, fọ́tò tí wọ́n bá yà yóò sì máa rántí rẹ̀ fún wọn. Òótọ́ ni pé àwọn ayafọ́tò inú ọkọ̀ a máa dúró de àwọn ènìyàn ní alẹ́ ọ̀ṣọ́, owó tí wọ́n ń gbà lórí fọ́tò kan kò sì kéré. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ rà á bí kò bá wù ú.

Ohun tí a dámọ̀ràn nìyí. Kí màmá fúnra rẹ̀ pe ọmọ náà lórí tẹlifóònù, kí ó má ṣe gba ẹnu bàbá rẹ̀ kọjá. Kí ó má bá a sọ̀rọ̀ àṣà, kí ó má bá a sọ̀rọ̀ ìran. Kí ó sọ fún un pé òun yóò pé 70 ọdún, òun sì fẹ́ kí ó jókòó ti òun nínú aṣọ tí òun rà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi aṣọ lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí òun tìkára rẹ̀ mú un tọ télọ̀ lọ. Àwọn télọ̀ wa kò wọ́n ní Peckham. Kí wọ́n wọn ara rẹ̀ bí ó ti rí lónìí, kì í ṣe bí yóò ti rí lọ́dún mẹ́ta òní. Bí ó bá fẹ́ kí bùbá rẹ̀ mọ kúkúrú dé ìbàdí, kí wọ́n rán an bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ṣòkòtò rẹ̀ fún lẹ́sẹ̀ bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbà fún un. Kódà bí ó bá ní ṣòkòtò dúdú òun ni òun yóò wọ̀ sábẹ́ bùbá aṣọ òkè, tí òun yóò sì dé fìlà rẹ̀, àwa kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí àwọn àgbà kan tilẹ̀ lè mí kanlẹ̀. Kò sí agbádá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá rẹ̀ ni kí ó wọ agbádá, òun ni ó ti ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Bí màmá bá bẹ̀ ẹ́ báyìí, tí wọ́n sì fún un láyè báyìí, tí ó ṣì kọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì wá sí tábìlì. Ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa kò ní fara mọ́ èyí, wọn yóò sì wí pé a ti fi àyè gba ọmọdé jù. Kí wọ́n kọ̀wé sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ bí kò bá gùn jù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa iye aṣọ ọdún tí a wọ̀ fún wọn ní ọmọ ọdún 15 tí wọ́n ṣì ń fẹ́ràn.

Ní ti fìlà, arábìnrin wa béèrè bóyá kí ọmọ ṣí i nínú gbọ̀ngàn, nítorí pé àwọn òyìnbó kì í dé àkẹtẹ̀ jẹun. Èrò tiwa ni pé fìlà jẹ́ ara aṣọ gẹ́gẹ́ bí gèlè ti jẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń bo oòrùn. Bí ó bá sì wu ọmọ náà láti ṣí i nígbà tí oúnjẹ bá dé, kí ó ṣí i. A máa ń ṣí i nínú ilé ìsìn, kò sì sí ẹni tí ó kú nítorí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹrù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kì í gba áyọ́ọ̀nù nínú yàrá, nítorí ìbẹ̀rù iná, nítorí náà kí wọ́n má fi ṣítáàṣì lé aṣọ kan gan-an tí yóò ká nínú àpótí. Kí wọ́n yí aṣọ òkè bí ẹní, kí wọ́n má ṣẹ́ ẹ po. Wọ́n a máa gba àpótí ńlá lọ́wọ́ èrò ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Nígbà àtijọ́, nítorí irú ìdí yìí ni àwọn èrò ọkọ̀ ńlá kì í fi í múra ní alẹ́ àkọ́kọ́. Kí aṣọ ọjọ́ ìbí wà nínú báàgì tí wọ́n fi ọwọ́ gbé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kádígàn tàbí ìborùn kan, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ sínú gbọ̀ngàn a máa tutù, ti orí ọkọ̀ ní ìhà Norway sì tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí aṣọ ìṣeré wọn wà ní ìmúrasílẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú, nítorí bí oúnjẹ bá ti parí, àwọn ọmọ yóò fẹ́ lọ sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn, aṣọ àlàárì kì í sì í ṣe aṣọ eré.

A ń retí ìwé mìíràn láti ọ̀dọ̀ arábìnrin wa nígbà tí wọ́n bá dé. Kí ó sọ fún wa bí ọmọkùnrin náà ti ṣe, àti bí gèlè màmá ti ṣe nínú afẹ́fẹ́ òkun.